Sùúrù Nìkan Kọ́ ni Oògùn: Ìtọ́jú Ọkàn Ẹni tí Wọ́n Fìyà Jẹ nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́

  



Obìnrin kan wà ní ìlú Mẹ́dínà láyé Ànábì, Khawlah ọmọ Tha‘labah ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Aws ọmọ Sāmit, bínú sí i lọ́jọ́ kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan máa ń sọ sí aya wọn, pé bí ẹ̀yìn ìyá òun ni ó ṣe rí sí òun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí obìnrin jẹ́ aya mọ́, kì í sì í jẹ́ kí ó rí ọ̀nà lọ sí ilé ọkọ mìíràn. Khawlah kò dákẹ́. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ tọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ, ó rojọ́, ó sì tún un rò. Sàídátù ‘Ā’ishah tó wà nítòsí sọ lẹ́yìn náà pé apá kan ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò dé etí òun, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sūratu-l-Mujādilah, tó jẹ́ sūrah 58 nínú Alùkùránì, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣáájú níbẹ̀ ni ìròyìn pé Ọlọ́hun ti gbọ́ ẹjọ́ obìnrin náà. Lẹ́yìn èyí ni òfin àti ìtánràn tó tẹ̀ lé e. Gbígbọ́ ló ṣíwájú.

Kí Mùsùlùmí òde òní wá fi ojú inú wo obìnrin kan, bí àpẹẹrẹ tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Aṣọ ni ó ń tà. Ó wọ inú àsàlátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú òsì tó ti wú. Gbogbo ènìyàn rí i, kò sí ẹni tó béèrè. Nígbà tí ó fi ìgboyà bá àgbà obìnrin kan sọ̀rọ̀, kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí àgbà náà fi gbà á lẹ́nu, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, pé kí ó lọ ní sùúrù, kí ó má di ilémoṣú. Obìnrin náà padà sílé. Kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Irú obìnrin yìí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ohun tó sì fẹ́ fi yé àwọn ará ni pé ìyà inú ilé ń dá ọgbẹ́ sí ọkàn, ọgbẹ́ náà ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì ní ètò. Ẹni tó bá fi ìlàjà ṣáájú ààbò ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin.

KÍ NI ÌFÌYÀJẸNI NÍNÚ ILÉ?

Kì í ṣe gbogbo asọ̀ láàárín tọkọtaya ni ìfìyàjẹni. Ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà. Ìfìyàjẹni ni kí ẹnì kan máa fi agbára, ẹ̀rù, èébú tàbí owó de ẹnìkejì mọ́lẹ̀ léraléra, títí tí ẹni náà kò fi ní lè mí láìkọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún. Lílù wà nínú rẹ̀. Fífún ni lọ́rùn wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ àmì ewu ńlá pé ikú lè tẹ̀ lé e. Ìbálòpọ̀ tipátipá wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọkọ gba owó ọjà lọ́wọ́ aya, kí ó fi owó oúnjẹ du àwọn ọmọ, kí ó dènà kí aya rí ìyá tó bí i, kí ó máa bú u níwájú ọmọ, tàbí kí ó máa fi gbígba ọmọ halẹ̀ mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà wà tí aya ń fìyà jẹ, tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà, arúgbó wà, ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé nínú obìnrin mẹ́ta ní ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kan tó ti fojú rí ìwà ipá, yálà láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ènìyàn ní ọdún 2018 fi hàn pé 31 nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ti hùwà ipá sí ara wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Ẹni tó bá ka iye àwọn obìnrin tó wà nínú àsàlátù rẹ̀, kí ó fi ìṣirò yìí wọ̀n ọ́n, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé.

ỌGBẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Egbò ara a máa jinná níṣojú gbogbo ènìyàn. Ọgbẹ́ ọkàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ fún ìgbà pípẹ́ lè má rí oorun sùn. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, àyà rẹ̀ yóò já. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ yóò máa padà wá bá a lójú àlá àti lójú ayé, bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó lè wà lórí ìrun kí ó má mọ iye rákà tí ó ti kí. Èyí tó burú jù ni pé yóò máa rò pé òun ni òun fa gbogbo rẹ̀: ká ní òun tètè se oúnjẹ ni, ká ní òun kò fèsì ni.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá rí àwọn àmì wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dín kù. Àwọn mìíràn a ní àlùjànnú ló ń dà á láàmú, wọn a sì gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi pàṣán lé àlùjànnú náà, kí ẹni tí ọkọ ń nà nílé tún wá jẹ pàṣán lọ́dọ̀ àlùfáà. Rúkíyà tó bá Súnnà mu, kíka Alùkùránì sí ara aláìsàn pẹ̀lú àdúrà, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínà kì í ṣe rúkíyà, kíkéwú sí aláìsàn kò sì ní kí wọ́n má gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ìbànújẹ́ ọkàn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ànábì Ya‘qūb pàdánù ọmọ rẹ̀ Yūsuf. Ó ní sùúrù tó rẹwà, síbẹ̀ ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun, ó sì gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ sọ fún Ọlọ́hun. Sùúrù àti omijé jọ gbé inú àyà kan náà, inú àyà Ànábì Ọlọ́hun.

Sùúrù kò sì túmọ̀ sí kí ènìyàn jókòó sínú iná. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń fi ìyà jẹ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́, Ànábì kò sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n dúró kí wọ́n máa jìyà lọ. Ó ní kí àwọn kan nínú wọn ṣí lọ sí ilẹ̀ Hábáṣà, lábẹ́ ọba tí kì í gbà kí wọ́n ṣe àbòsí sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣí kúrò níbi ìyà wọ̀nyí, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìnísùúrù. Orúkọ wọn wà nínú ìtàn gẹ́gẹ́ bí ẹni iyì.

ẸSẸ 34 Ń KỌ́?

Ẹnì kan lè béèrè pé: ẹsẹ 34 nínú Sūratu-n-Nisā’ ń kọ́? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fara sin. Ẹni tí Alùkùránì sọ̀ kalẹ̀ fún ló mọ̀ ọ́n jù. Sàídátù ‘Ā’ishah sì jẹ́rìí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin kan tàbí ìránṣẹ́ kan rí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin yí ilé rẹ̀ ká láti fi ọkọ wọn sùn, ó sọ fún àwọn ọkùnrin pé àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni rere jù nínú wọn. Nígbà tí Fātimah ọmọ Qays ń wá ìmọ̀ràn lórí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì kìlọ̀ fún un nípa ọ̀kan nínú wọn nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí obìnrin. ‘Atā’ ọmọ Abī Rabāh, àgbà onímọ̀ ìlú Mẹ́kà, ní kí ọkọ má lu aya, inú ni kí ó bí i sí i. Gbogbo onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ló sì fẹnu kò pé lílù tó ń dá ọgbẹ́, tó ń ṣẹ́ egungun, tàbí tó kan ojú, èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ náà dá ojú wíwú láre ti fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun bo ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀.

Ohun tí Ànábì ṣe fún ẹni tó jìyà náà wà lákọsílẹ̀. Habībah ọmọ Sahl, aya Thābit ọmọ Qays, wá bá a lẹ́yìn ìrun àárọ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ lù ú, ó sì ṣe é léṣe. Ànábì kò kọ́kọ́ dá a padà. Ó pe ọkọ, ó ní kí ó gba sàdáàkì rẹ̀ padà, kí ó sì fi obìnrin náà sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ààbò dé.

ÌTỌ́JÚ ỌKÀN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ

Àwọn kan rò pé kí ènìyàn jókòó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún onímọ̀ jẹ́ àṣà òyìnbó. Abū Zayd al-Balkhī, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 322 Hijrah, tí í ṣe 934 ti òyìnbó, kọ ìwé kan lórí ire ara àti ire ọkàn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìbínú, ẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wíswásì, ó sì ṣàlàyé pé oríṣi ìtọ́jú méjì ni ọkàn ní. Ọ̀kan ń ti ìta wá, èyí ni ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu ẹlòmíràn. Èkejì ń ti inú wá, èyí ni èrò tó yè kooro tí ènìyàn ti tọ́jú pamọ́ sínú ọkàn rẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn pamọ́ de ọjọ́ àìsàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ní Aró l’Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọkàn máa gbé láàárín ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan sì wà pẹ̀lú aláìsàn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa padà sí àárín ènìyàn. Ètò náà di ohun tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìdáwà kì í wo ọkàn sàn.

ÌPELE MẸ́TA

Judith Herman, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1992 lórí ìwòsàn àwọn tí ìwà ipá ti dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn. Ó ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ìwòsàn náà ní. Èkínní ni ààbò. Èkejì ni kí ẹni náà lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó sọ ọ́, kí ó sì ṣọ̀fọ̀ ohun tó sọnù. Ẹ̀kẹta ni kí ó padà sí àárín ènìyàn, kí ó tún ayé rẹ̀ tò.

Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìẹ wí. Ẹni tí wọ́n ṣì ń lù lálaalẹ́, ọkàn rẹ̀ kò lè sàn, nítorí pé ọgbẹ́ tuntun ń gorí ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2013, fi sọ pé àwọn ìtọ́jú tó ń tú ìrántí ìyà yẹ̀ wò wà fún obìnrin tí kò sí lábẹ́ ìwà ipá mọ́.

Ààbò túmọ̀ sí pé kí ẹni náà mọ ibi tí yóò sá lọ lóru. Kí àwọn ìwé pàtàkì, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ àti owó ọkọ̀ wà níbi tí ó lè tètè mú un. Kí aládùúgbò kan mọ àmì tí wọn yóò fi mọ̀ pé ewu dé. Òfin náà wà nínú ààbò. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìdáàbòbò lórí ìwà ipá nínú ilé ní ọdún 2007. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ ní ọdún 2015, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ di tiwọn. Lábẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí, ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lè lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ pàṣẹ pé kí afìyàjẹni má sún mọ́ ọn. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan láti ọdún 2021. Ilé ìtọ́jú Mirabel sì wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà ní Ìkẹjà láti ọdún 2013 fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀.

ÀWỌN Ọ̀NÀ ÌTỌ́JÚ

Nígbà tí ààbò bá ti wà, onímọ̀ lè yan ọ̀nà tó bá ẹni náà mu.

Ọ̀nà kan ni èyí tó ń yẹ èrò wò. Patricia Resick ló ṣètò irú rẹ̀ kan fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ìjókòó bíi 12 ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ẹni náà yóò kọ èrò tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sílẹ̀, irú bíi: èmi ni mo fa ìyà yìí. Onímọ̀ yóò wá ràn án lọ́wọ́ láti gbé èrò náà lé ìwọ̀n. Ta ni ó gbé ọwọ́ sókè? Ǹjẹ́ ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná ló gbé e? Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀bi yóò kúrò lórí ẹni tí kò ní í. Wọ́n dán ọ̀nà yìí wò lẹ́gbẹẹgbẹ́ láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n hùwà ipá ìbálòpọ̀ sí ní orílẹ̀-èdè Kóńgò tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa, àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2013 sì dára.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹni náà máa sún mọ́ ìrántí tó ń bà á lẹ́rù ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, pẹ̀lú onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí tí ìrántí náà kò fi ní lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Edna Foa ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ èyí. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Níbẹ̀, ẹni náà yóò di ìrántí mú lọ́kàn bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ìka onímọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni. Ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fi ọkàn ọmọnìkejì rẹ̀ dánra wò.

Ọmọ náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti abẹ́ ibùsùn lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé, kí ó máa bá ẹgbẹ́ jà, tàbí kí ó má lè kàwé mọ́. Ìtọ́jú tirẹ̀ a máa bá eré àti àwòrán yíyà lọ, kí ìyá àti ọmọ jókòó pọ̀ nígbà kan, kí wọ́n sì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà mìíràn. Àwọn kan sì wà tí ìsoríkọ́ wọn le débi pé wọ́n nílò oògùn láti ọwọ́ dókítà. Ànábì pàṣẹ pé kí ènìyàn wá ìtọ́jú, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ NAIROBI

Ẹnì kan lè sọ pé onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kò tó nǹkan ní Nàìjíríà, òótọ́ sì ni. Nítorí náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Nairobi, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, fi yẹ ní gbígbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣètò ìtọ́jú kékeré kan tó jẹ́ ìjókòó márùn-ún péré. Àwọn tó fi ṣe ìtọ́jú náà kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni wọ́n, tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, tí àwọn onímọ̀ sì ń mójú tó. Àwọn obìnrin tó ti fojú rí ìwà ipá tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà lé ní 400, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017: ìdààmú ọkàn àwọn tó gba ìtọ́jú yìí dín kù ju ti àwọn tí wọ́n kàn tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n kọ́ wọn. Èkínní, bí wọn yóò ṣe máa mí jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Èkejì, bí wọn yóò ṣe to ìṣòro wọn, kí wọ́n ya èyí tí apá wọn ká sọ́tọ̀, kí wọ́n sì mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, bí wọn yóò ṣe padà sí àwọn ohun kéékèèké tí ìbànújẹ́ ti mú wọn pa tì, bí ọjà lílọ tàbí bíbẹ ọ̀rẹ́ wò. Ẹ̀kẹrin, bí wọn yóò ṣe wá ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán. Kí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ronú sí èyí. Ẹgbẹ́ tó lè rán ọ̀dọ́ lọ kọ́ tájwíìdì lè rán arábìnrin méjì tàbí mẹ́ta lọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí lábẹ́ onímọ̀.

ÌLÀJÀ Ń KỌ́?

Ìlàjà dára, Ọlọ́hun sì fẹ́ ẹ. Ẹsẹ 35 nínú Sūratu-n-Nisā’ pàṣẹ pé bí ìyapa bá fẹ́ wáyé, kí wọ́n yan onílàjà kan láti ẹbí ọkọ àti ọ̀kan láti ẹbí aya. Ẹni méjì ni, láti ìhà méjèèjì, kí àgbàrá ẹnì kan má gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì lọ. Ṣùgbọ́n ìlàjà kì í ṣe ìtọ́jú, a kì í sì í lajà lórí bóyá kí wọ́n máa lu ènìyàn. Bí wọ́n bá pe obìnrin tí ẹ̀rù ń bà kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ọkọ tó ń lù ú, irọ́ ni yóò pa níbẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ là. Bí ó bá sì sọ òótọ́, ní òru ọjọ́ náà ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn.

Bí wọ́n bá bẹ obìnrin kan tí kò sì gbà ń kọ́? Barīrah kọ ọkọ rẹ̀ Mughīth, ọkùnrin náà sì ń sunkún tẹ̀ lé e kiri ìgboro Mẹ́dínà. Ànábì bá a bẹ Barīrah. Obìnrin náà béèrè bóyá àṣẹ ni. Ànábì ní ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Barīrah ní òun kò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìtàn wọn kò sọ pé ọkọ lù ú, síbẹ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fi ipá mú un. Àgbà ẹgbẹ́ wo ló wá ní àṣẹ ju ti Ànábì lọ?

AFÌYÀJẸNI ŃKỌ́?

Ànábì ní kí Mùsùlùmí ran ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí wọ́n ń ṣe àbòsí sí. Ìrànlọ́wọ́ alábòsí ni kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. Ní ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1981 tó ń kó irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jọ lábẹ́ àṣẹ ilé ẹjọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn láti gbà pé ọwọ́ wọn ni ọwọ́ tó lu ènìyàn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í yí gbogbo ènìyàn padà, nítorí náà a kì í fi ẹ̀mí aya dúró dè é. Ẹkún àti ẹ̀bùn tí ọkọ gbé wá ní òwúrọ̀ kejì kì í ṣe túúbá. Lenore Walker ti ṣàlàyé láti ọdún 1979 pé ìbínú ń ga díẹ̀díẹ̀, lílù ń tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ àti ìfẹ́ ń tẹ̀ lé lílù, lẹ́yìn náà ni ìbínú yóò tún máa ga. Túúbá tòótọ́ ni kí ó fi ìwà náà sílẹ̀, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu láti má padà sí i, kí ó sì dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ó ṣẹ̀.

IṢẸ́ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ Ọ̀DỌ́

Kí ni kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ṣe bí obìnrin tó fa ìbòrí bo ojú wíwú bá jókòó tì í?

Kí ó gbọ́ ọ dé òpin, láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ó béèrè ohun tó nílò lónìí, bóyá oúnjẹ ọmọ ni, bóyá dókítà ni. Kí ó sọ fún un pé òun gbà á gbọ́, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kí ó bá a wo bí ewu ṣe sún mọ́ tó: ǹjẹ́ ọkọ ti fún un lọ́rùn rí? Ǹjẹ́ ó ti fi ọ̀bẹ tàbí ikú halẹ̀ mọ́ ọn? Lẹ́yìn náà kí ó so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, kí ó sì bá a débẹ̀ bí ó bá fẹ́. Kí obìnrin bá obìnrin sọ̀rọ̀, kí ọkùnrin bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Àṣírí rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìrun. Ẹ̀mí tàbí ọmọdé tó bá wà nínú ewu nìkan ni ó lè mú kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó tọ́, àní láìgba àṣẹ. Kí wọ́n má fi ipá mú un kúrò nílé, kí wọ́n má sì fi ipá dá a padà. Agbára láti yan ohun tí ó fẹ́ ni afìyàjẹni ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, dídá agbára náà padà fún un sì wà nínú ìtọ́jú.

Kí obìnrin aláṣọ yẹn padà wọlé sí àsàlátù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí àgbà kan jókòó tì í níkọ̀kọ̀, kí ó sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Àlùbáríkà àsàlátù náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba tó gbọ́ ti Khawlah gbọ́ ti gbogbo ẹni tó ń sunkún lábẹ́ òrùlé tó yẹ kó jẹ́ ibi ìsinmi. Kí Ó wo ọgbẹ́ ọkàn wọn sàn, kí Ó dáàbò bo àwọn ọmọ wọn, kí Ó tọ́ àwọn afìyàjẹni sọ́nà túúbá, kí Ó má sì jẹ́ kí ìjọ Mùsùlùmí jẹ́ adití sí igbe ẹni tí wọ́n ń ṣe àbòsí sí. Āmīn.